Ẹní Alhaja Ràbíátù: Ìtàn Ìyá Tó Ń Túfọ̀ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ (1951–2024)

A bí Alhaja Ràbíátù Àjíkẹ́ Lánípẹ̀kun ní ọdún 1951, ní agbo ilé Aránfìlà ní Bẹ́yẹrúnkà, nílùú Ìbàdàn. Bàbá wọn ni Àlùfáà Sàláúdéènì, tó ń rán fìlà, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú nírọ̀lẹ́. Ìyá wọn ni Àmínátù, tó ń ta ẹní ní Ọjà'ba. Apá Ọ̀yọ́ ni àwọn baba ńlá wọn ti wọ Ìbàdàn nígbà tí ogun le, wọ́n sì ti ń gbé Bẹ́yẹrúnkà tipẹ́tipẹ́ kí gbọ̀ngàn Mapo tó dé orí òkè. Ọmọ tí Àmínátù bí pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ló yè nínú wọn: Kúbúrá, ẹ̀gbọ́n, àti Ràbíátù, àbúrò. Kúbúrá ló pọn Ràbíátù títí ó fi rìn, nítorí ìyá wọn kì í ráyè kúrò nídìí ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ Kúbúrá yẹn. Nígbà tí ìdílé jókòó láti kọ ìwé yìí, àwọn àgbà kan nínú ilé wá bá wa pé kí a yọ orúkọ náà kúrò. Wọ́n ní Alhaja Kúbúrá kò tíì gbọ́ pé àbúrò wọn kú. Wọ́n ní màmá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn kì í jáde nílé ọkọ wọn ní Pópó Yemọja mọ́, irú ìròyìn yìí sì lè ṣe wọ́n léṣe. Wọ́n ní bí wọ́n bá béèrè, kí a sọ pé Ràbíátù lọ kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Kánò. Ìtàn ìgbésí ayé Ràbíátù ni àwọn àgbà wọ̀nyí fẹ́ kí a fi irọ́ bẹ̀rẹ̀. Inú bí wa, inú sì ń bí wa síbẹ̀ bí a ti ń kọ ọ́. Ẹni tó bá kà á dé ìparí yóò mọ ìdí rẹ̀, yóò sì mọ ohun tí a ṣe nípa Alhaja Kúbúrá.

Ní ọdún 1957, Ràbíátù wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì kà á dé ìwé mẹ́fà. Kúbúrá kò lọ. Àwọn òbí ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹní, ó sì bọ́ sórí àkọ́bí. Ṣùgbọ́n bí àbúrò bá ti ilé ìwé dé, Kúbúrá á ní kó jókòó ti òun kó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ sí òun létí, láìfo ẹyọ kan. Màmá, ìyẹn Ràbíátù, máa ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ẹni tó ń gbọ́ lè gbọ́ ọ yékéyéké. Nígbà tí Kúbúrá lọ sílé ọkọ ní Pópó Yemọja, Ràbíátù ló gba ìdí ẹní lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún 1971 ni wọ́n fẹ́ Alhaji Bàṣírù Lánípẹ̀kun, ọmọ Bẹ́ẹ̀rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe. Ilé ọkọ kò jìnnà sí ilé bàbá. Ọlọ́hun fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Mikail, Jubril, àti Mujeebat tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé yìí lórúkọ ẹbí. Alhaji Bàṣírù jáde láyé ní ọdún 1998 lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í tan rédíò aláìsàn wọn sókè bí wọ́n bá rí i pé ìyàwó wọn ti ọ̀nà jíjìn dé.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ Màmá sí Ìyá Ẹlẹ́ní. Ní Ọjà'ba, lábẹ́ òkè Mapo, wọ́n ta ẹní oore, ẹní fáfá, ẹní ìkírun, nígbà tí ẹní rọ́bà sì dé, wọ́n tà á pẹ̀lú ìkùnsínú. Wọ́n ní rọ́bà kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó pẹ́, òógùn á ti mú un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọjà ẹní ni ẹ fi kún inú àgbàlá yìí lónìí, níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ wọn. Nítorí iṣẹ́ kejì ni, iṣẹ́ tí kò lówó nínú, tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn rán wọn, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì kọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọdún 1980 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí odò Ògùnpa kún, tó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà kò lè gbàgbé. Màmá ní ọ̀rẹ́ kan nídìí ọjà, Ìyá Gabriel, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tó ń ta agbọ̀n àti ìgbálẹ̀, tó ń gbé ní Oníyanrìn. Omi gbé ọkọ Ìyá Gabriel. Wọ́n rí òkú rẹ̀, wọ́n sì sin ín. Gbogbo àdúgbò mọ̀, obìnrin náà nìkan ni kò mọ̀. Wọ́n sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ wà ní ọsibítù. Ó wá ń po ògì láràárọ̀, ó ń gbé e kiri láti ọsibítù kan dé òmíràn, ó ń bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè ọkùnrin tó ní ilà lójú. Àwọn aládùúgbò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó bó ti ń kọjá pẹ̀lú ike ògì, wọ́n ń kí i pé ẹ kú ìrọ́jú.

Màmá kò lè gbà á. Wọn kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó rán wọn. Wọ́n ká ẹní fáfá kan nínú ọjà, wọ́n gbé e lé orí, ó di Oníyanrìn. Wọ́n gba ike ògì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n fà á jókòó, wọ́n ní, "Ọkọ rẹ ti kú. Omi ló gbé e. Wọ́n ti rí i, wọ́n sì ti sin ín." Ìyá Gabriel kọ́kọ́ fọ́ wọn létí. Lẹ́yìn náà ló wá dì mọ́ wọn, ó sì ké igbe tó yẹ kó ti ké láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń purọ́ fún un. Màmá kò padà sílé ní ọjọ́ yẹn, wọn kò padà ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n wọn, Kúbúrá, ló ń tọ́jú àwọn ọmọ.

Láti ìgbà náà, bí ikú bá ṣẹlẹ̀ láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ dé Òkè Padre, tí ẹnu àwọn ará ilé kò sì gbà á láti sọ fún ẹni tó ni ín, ohun kan náà ni gbogbo yín máa ń sọ: ẹ lọ pe Ìyá Ẹlẹ́ní. Mùsùlùmí pè wọ́n, Kìrìsìtẹ́nì pè wọ́n. Wọ́n lọ nígbà tí ọjà jóná, wọ́n lọ nígbà tí ilé wó. Kò sí oyè nídìí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n rí bóyá ó ń rẹ̀ wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni a fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, nítorí ó hàn pé ẹ kò wò ó dáadáa. Wọn kì í sọ ọ́ bí iná bá ṣì wà lábẹ́ ìkòkò. Sítóòfù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pa, nítorí wọ́n ti rí ẹni tó fò dìde lu epo gbígbóná rí. Wọ́n á béèrè bóyá ènìyàn ti jẹun, bí kò bá tíì jẹ, wọ́n á dúró kó jẹ. Wọn kì í fẹ́ kí ẹni náà wà lórí àga. Ilẹ̀ ni, lórí ẹní, nítorí ẹni tó ti wà nílẹ̀ kò ní ibi tí yóò ṣubú sí mọ́. Wọ́n á wá pe orúkọ olóògbé, wọ́n á sì sọ pé ó ti kú. Wọn kì í sọ pé ó sinmi, wọn kì í sọ pé ó ti re ilé. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń wá ibi tí yóò sá gbà nínú ọ̀rọ̀, kò sì dára kí a fi ilẹ̀kùn èké sílẹ̀ fún un.

Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, ẹnu wọn á pa mọ́. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó má sunkún. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sùn, lórí ẹní kan náà. Wọ́n á pín iṣẹ́ fún àdúgbò: ẹni tí yóò máa se oúnjẹ, ẹni tí yóò mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ẹni tí yóò bá opó rìn lọ sọ́jà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ jáde. Wọ́n á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sọ fún àwọn tó ń bọ̀ wá kí ni pé, "Bó bá jẹ́ pé ẹ wá sọ pé kó mọ́kàn le ni, ẹ máa lọ sílé. Bí ẹ bá wá jókòó, ààyè wà." Àwọn kan bínú sí wọn nítorí èyí. Bí wọ́n bá sì ń lọ nígbẹ̀yìn, wọn kì í ká ẹní náà. Wọ́n á fi í sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè rí ibi jókòó sí.

Nínú ẹ̀sìn, Màmá di ọwọ́ Ọlọ́hun mú ṣinṣin. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 1994, wọ́n sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ alásàlátù ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀ wọ́n. Wọ́n bá ààfáà kan fa ọ̀rọ̀ ní gbangba nígbà tó sọ fún ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú pé ẹkún pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, pé àìnígbàgbọ́ ni. Màmá bi í léèrè bóyá kò kà á pé Ànọ́bí fúnra rẹ̀ da omi lójú nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú. Ààfáà náà wà níjókòó yìí. Wọ́n ti bá a rẹ́ tipẹ́, kò ní bínú pé a kọ ọ́.

A wá dé ọdún 2016, ọdún tí a kò ní gbé fò, bó ti wù kí àwọn ènìyàn máa wúkọ́ sí wa létí.

Jubril, ọmọ kejì, ń ta sípíà páàtì ọkọ̀ ní Èkó. Òun pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Karimat, àti Hikmat ọmọ wọn ló ń gbé níbẹ̀. Ọjà kì í jẹ́ kó wálé fún Iléyá gan-an, ẹ̀yìn ọdún ló máa ń wá, nítorí náà Màmá máa ń dín ìpín ẹran rẹ̀ pa mọ́ dè é. Ní ọdún náà, nígbà tó ń bọ̀, ọkọ̀ tó wọ̀ dànù lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó sì kú. Alhaji Zakariyya Lánípẹ̀kun, ẹ̀gbọ́n ọkọ Màmá tó jẹ́ olórí ilé wa, ni wọ́n tẹ̀ láago. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà ní itẹ́ àwọn mùsùlùmí.

A mọ̀ pé àṣà wa kò jẹ́ kí òbí dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀. Màmá mọ̀ ọ́n, wọn kò sì bá a jà láé. Ṣùgbọ́n àṣà wo ló ní kí òbí má gbọ́? Alhaji Zakariyya pe gbogbo ilé jọ, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní Ìyá Mikail nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò wá sọ ọ́ fún òun fúnra rẹ̀? Gbogbo ilé gbà. Gbogbo àdúgbò gbà. Wọn kò sọ fún Mikail tó wà ní Kánò, wọ́n ní yóò sáré bọ́ sójú ọ̀nà. Wọn kò sọ fún Mujeebat tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ìlọrin, wọ́n ní omi ọmú rẹ̀ á gbẹ. Hikmat ọmọ Jubril, wọ́n ní bàbá rẹ̀ lọ sí Dùbáì. Bí a bá tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n á ní ilé dára.

Màmá wá ń gbé ẹran Jubril kaná lójoojúmọ́ kó má baà bàjẹ́. Ẹ fojú inú wò ó. Àwọn tó kírun sí Jubril lára ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, òórùn ẹran náà ń ta sí wọn nímú, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Mikail." Àwọn kan tilẹ̀ ní, "Jubril á jẹun lọ́tẹ̀ yìí o." Wọ́n lọ ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ní Òkè Padre, kí ariwo má baà dé etí Màmá, wọ́n jẹ sàárà níbẹ̀, wọ́n sì padà wálé wá bá ìyá rẹ̀ nídìí ìkòkò. Kò sí ẹni tó gba ìkòkò náà lọ́wọ́ wọn.

Àmọ́ ẹni tó ti ń túfọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ mọ àmì. Màmá rí i pé àwọn ènìyàn ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí àwọn bá wọlé. Obìnrin tí wọ́n jọ ń jà lórí kànga ṣàdédé gbé ọbẹ̀ wá. Kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ Jubril mọ́ àfi bí àwọn bá dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n pa sítóòfù. Wọ́n gbé ẹran kalẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀kọ tútù jẹun, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n sì jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn pe Alhaji Zakariyya.

Nígbà tí Alhaji dé, Màmá wí fún wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti pa iná. Mo ti jẹun. Ẹ jókòó kí ẹ sọ ọ́ fún mi." Alhaji kò jókòó. Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan kan, Ìyá Mikail. Kí la fẹ́ sọ?" Màmá ní, "Jubril dà?" Alhaji wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní ìrun àsárì ti tó, wọ́n sì jáde. Wọ́n fi obìnrin náà sílẹ̀ lórí ẹní. Ìyàwó ayálégbé kan tó ń sá aṣọ lójúde ló gbọ́ ohun tí Màmá sọ lẹ́yìn náà. Wọ́n pe orúkọ ọmọ wọn, wọ́n sọ fún ara wọn ní ohùn tí wọ́n máa ń lò fún gbogbo ayé: "Jubril ti kú." Àwọn fúnra wọn ló túfọ̀ ọmọ wọn fún ara wọn.

A ti ka ibi yìí sí Alhaji Zakariyya létí kí a tó gbé ìwé lọ fún àwọn atẹ̀wé. Wọn kò ní kí a yọ ọ́. Wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n sì sunkún. A bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí bẹ́ẹ̀. Kò ní kí inú má bí wa.

Nígbà tí Mikail àti Mujeebat wá gbọ́ níkẹyìn, tí wọ́n dé, tí a ń bi gbogbo yín léèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde lẹ́nu yín. Ẹ ní ìfẹ́ ni. Ẹ tún ní Ìyá le, pé Ìyá á gbé e. Ọ̀rọ̀ "Ìyá le" yìí ló dùn wá jù. Nítorí pé Màmá lè jókòó ti ẹlòmíràn, ẹ gbà pé àwọn kò nílò ẹni tí yóò jókòó ti àwọn. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ tún ti kọ ọ̀rọ̀ ìdárò ránṣẹ́ sí wa. Ẹ pe Màmá ní òpó irin, ẹ pè wọ́n ní àpáta. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ìkankan nínú wọn níbí. Ìyá wa kì í ṣe irin. A rí wọn tí wọ́n ń sunkún sínú ìborùn lẹ́yìn ìrun, wọn kò sì jẹ ẹran Iléyá mọ́ títí wọ́n fi kú. Wọ́n sọ fún Mujeebat pé ikú Jubril ti ọwọ́ Ọlọ́hun wá, àwọn gbà á. Ohun tí àwọn kò rí gbà ni pé àwọn ń dín ẹran nígbà tí àwọn ènìyàn ń tọrọ àforíjì fún ọmọ àwọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá jókòó. Gabriel ni, ọmọ Ìyá Gabriel, tó ń ṣe káfíńtà. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ kò sọ fún un, nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò sọ. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà náà. Bó ti gbọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ẹní fáfá kan wọlé, tó ti gbó létí. Ẹní tí Màmá gbé lọ sí Oníyanrìn ní ọdún 1980 ni, ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ nù. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá, ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì.

Kété tí ara gbé Màmá, wọ́n lọ sí Èkó, wọ́n jókòó ti Hikmat, wọ́n sì sọ òótọ́ fún un nípa bàbá rẹ̀. Hikmat sọ pé ọkàn òun balẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ Dùbáì ni òun ti ń rò pé bóyá òun ló ṣẹ bàbá òun tí kò fi tẹ òun láago.

Kò pẹ́ sí i, àbúrò ìyàwó Alhaji Zakariyya kú lójijì, ẹnu Alhaji kò sì gbà á láti sọ fún ìyàwó wọn. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí. Mujeebat ní kí Màmá má lọ. Ó ní kí Màmá náà máa wo aago ọwọ́ bí Alhaji ti ṣe. Màmá ti ń ká ẹní. Wọ́n ní, "Mujeebat, obìnrin yẹn ń dáná lọ́wọ́ báyìí, kò mọ nǹkan kan. Ṣé tìtorí pé ẹnìkankan ò sọ fún mi, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún òun náà?" Wọ́n sì lọ. Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà kòrónà, nígbà tí wọ́n ní kí ènìyàn má ṣe bá ara wọn jókòó. Ìta fèrèsé ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí nígbà náà, kí ẹni tó wà nínú ilé lè máa gbọ́ ìró tẹ̀sùbáà wọn.

Ní ọdún 2023, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru dá wọn dúró sílé. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì ń lọ ni Pópó Yemọja, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Mikail, tó ti padà wá sí Ìbàdàn nígbà náà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní Kánò, á fi ọkọ̀ gbé wọn, àwọn méjèèjì á sì jókòó sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Màmá jáde láyé ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Hikmat di ọwọ́ wọn mú. A sọ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé kí wákàtí kan tó pé, a sì lo ọ̀rọ̀ tí Màmá máa ń lò.

Alhaja Kúbúrá ló kù. A ní kí á lọ lẹ́yìn ìsìnkú, ni àwọn àgbà bá dí wa lọ́nà, àwọn kan láti ilé wa, àwọn kan láti ilé ọkọ wọn. Wọ́n fi ọlá bẹ̀ wá, wọ́n fi ọjọ́ orí bẹ̀ wá. Jímọ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó wá sí Pópó Yemọja. Nígbà tí wọ́n wá ní kí a yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé, Hikmat dìde láàárín àwọn àgbà, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì wọ ibi tí Màmá ń kó ọjà sí. Ó gbé ẹní kan jáde. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin bàbá. Ẹran bàbá mi ni mo rántí." Mujeebat tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a dé yàrá Alhaja Kúbúrá, kò sí iná níbì kankan. Wọ́n ti tẹ́ ẹní tiwọn, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Hikmat bẹ̀rẹ̀ bí Màmá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó ní ṣé wọ́n ti jẹun. Màmá àgbà dá a lóhùn pé, "Mo ti jẹun. Mi ò dáná. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí yìí. Sọ ọ́." Hikmat sọ pé, "Màmá ti kú, ní Ọjọ́rú. A ti sin wọ́n." Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Láti Jímọ̀ ni mo ti mọ̀. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń sọ fún mi pé ó lọ Kánò. Ràbíátù ò lè lọ Kánò kó má dágbére fún mi. Láti Jímọ̀ ni mo ti ń dá sunkún rẹ̀, mò ń dúró de ẹni tó máa wá bá mi jókòó." Hikmat tẹ́ ẹní tiẹ̀ mọ́ tiwọn. Ibẹ̀ ló ń sùn títí a fi ń tẹ ìwé yìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ fẹ́ dáàbò bo arúgbó, ẹ kò gbà á lọ́wọ́ ìbànújẹ́ kankan. Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ jẹ́ kó dá a gbé. Ohun kan náà tí ẹ ṣe fún Ìyá Gabriel ni, ohun kan náà tí ẹ ṣe fún ìyá wa.

Àwọn tí Alhaja Ràbíátù fi sáyé lọ ni: Alhaja Kúbúrá, ẹ̀gbọ́n wọn; Mikail àti Mujeebat, ọmọ wọn; Karimat, ìyàwó ọmọ wọn; Hikmat àti àwọn ọmọ ọmọ mìíràn; Gabriel, tí wọ́n kà mọ́ ọmọ; àti ọ̀pọ̀ opó, ọ̀pọ̀ ọmọ òrukàn, ọ̀pọ̀ ìyá tí ẹní wọn ṣì wà nílé títí di òní.

Ẹ ti rí i pé ìdílé kò háyà àga fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ yìí. Kì í ṣe àìní. Gbogbo ẹní tó kù nínú ọjà Màmá ni a kó jáde tí a tẹ́ sí àgbàlá. Alhaja Kúbúrá ni ẹ ń wò níwájú yẹn, pẹ̀lú ìborùn funfun, nínú ìpàdé tí àwọn kan kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó wáyé. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ kí wọn kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ẹ jókòó tì wọ́n. Bí àdúrà bá parí, a kò ní pín abọ́ rọ́bà tàbí tówẹ́ẹ̀lì fún yín. Ẹní tí oníkálukú jókòó lé ni kó ká, kó gbé e lọ sílé. Kì í ṣe ẹ̀bùn, iṣẹ́ tí Màmá fi sílẹ̀ ni. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan ní àdúgbò yín yóò máa gbé oúnjẹ kaná de ẹni tí kò ní padà wá mọ́. Ẹ pa iná náà fún un, kí ẹ tẹ́ ẹní.

Kí Ọlọ́hun Ọba dárí àṣìṣe wọn jì wọ́n, kó fẹ ibojì wọn lójú, kó jẹ́ kí wọ́n bá Jubril pàdé ní àlùjánńà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń fi nǹkan pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Màmá, ẹ máa sinmi. A ti sọ fún ẹ̀gbọ́n yín.